Ìbọn Tí Mo Ki Kí Bàbá Mi Tó Jí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìwé náà fi wà nínú báàgì mi. Mo gbé e láti Berlin dé Hamburg, mo gbé e padà sí Berlin, mo tún gbé e wá sí Hamburg. Ìwé ojú kan ṣoṣo ni. Orúkọ ọmọ mi obìnrin wà lókè, ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ orúkọ, ìfọwọ́sí bàbá rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú ìlà tó fà sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀. Àyè kan ló ṣẹ́kù, tèmi ni. Tí n kò bá fọwọ́ sí i, ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò ní lè ṣọdẹ ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Fasan lórí ilẹ̀ ìjọba lẹ́bàá odò Elbe, wọ́n á sì fún ọmọ ẹlòmíràn ní ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń gbé. Ilé wa wà ní Tempelhof, ní Berlin, níbi tí ọkọ mi àti ọmọ wa wà. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù kan nítòsí èbúté Hamburg, mo sì gba yàrá kan ní Rothenburgsort tí mò ń sùn sí láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé. Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ̀ ọ́ padà. Ọdún kẹrin rèé, ara mi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jókòó. Tí mo bá wà ní Berlin, mo máa ń rò ó bóyá mo pa iná ìdáná ní Hamburg. Tí mo bá wà ní Hamburg, mo máa ń pè wọ́n láti béèrè bóyá wọ́n ti jẹun, kí wọ́n sì tó dáhùn, mo ti ń béèrè bóyá wọ́n ti fọ abọ́. Ọkọ mi ní tí ọlọ́pàá bá fẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohunkóhun, kí wọ́n ṣáà ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan. Ó ń fi mí ṣeré ni. Kò mọ̀ pé ohun tí mo lè jẹ́wọ́ wà lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Pápá ńlá kan wà ní Tempelhof, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú máa ń balẹ̀ sí láyé àtijọ́. Ní báyìí, àwọn èèyàn ń rìn níbẹ̀, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ń yan ẹran. Tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n máa ń fi okùn pààlà apá kan níbẹ̀ nítorí àwọn ẹyẹ tó ń yé ẹyin sínú koríko. Ọmọ mi kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá tó ti ń lọ dúró síbi okùn yẹn pẹ̀lú awò tó ń mú ohun tó jìnnà wá sítòsí. Mo rò pé á kọjá lọ bí gìtá ṣe kọjá lọ, bí ìlúwẹ̀ẹ́ náà ṣe kọjá lọ. Kò kọjá lọ. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ọdẹ.

Mo ní, "O fẹ́ràn ẹyẹ, o wá fẹ́ máa pa wọ́n?"

Ó ní, "Mummy, àwọn tó ń hunt gan-an ló mọ ibi tí àwọn ẹyẹ ń sùn. Àwa tá a dúró síbi okùn, a kàn ń wò ni."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tó fi ń lọ kíláàsì ní gbogbo Sátidé. Wọ́n kọ́ wọn ní orúkọ igi, orúkọ ẹran, àìsàn tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àgbọ̀nrín, òfin ìbọn, òfin ilẹ̀. Ìdánwò tí mo ṣe kí n tó gba Führerschein láti wa mọ́tò kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ó yege. Wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ ọdẹ tàwọn ọ̀dọ́, wọ́n ń pè é ní Jugendjagdschein. Ìwé yẹn ní ọmọ tí kò tíì pé méjìdínlógún lè ṣọdẹ, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá ṣe é: ọdẹ àgbà kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá àti ìyá ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ọdẹ àgbà yìí ni àwọn fi ọmọ àwọn lé lọ́wọ́.

Ilẹ̀ tún ni ìṣòro mìíràn. Ní orílẹ̀-èdè yìí, èèyàn kì í déédéé gbé ìbọn wọ inú igbó, ì báà jẹ́ igbó ìjọba. Gbogbo ilẹ̀ ló ní ẹni tí wọ́n fún láṣẹ láti ṣọdẹ níbẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní oko, ìgbà tó bá wù ú ló ń lọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń tún lífítì ṣe, tí ìyá rẹ̀ ń di páálí, á dúró di ìgbà tí wọ́n bá rántí rẹ̀. Lọ́dún yẹn, àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba kan ní ẹ̀yìn Hamburg ya òwúrọ̀ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀: ọmọ mẹ́ta, ọdẹ àgbà kọ̀ọ̀kan fún wọn, ajá kan, akọ Fasan nìkan ni wọ́n lè yìnbọn sí. Ọmọ mi kọ lẹ́tà ojú méjì sí wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú un. Ó fò sókè ní kíṣìnnì títí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa fi ń fi igi gbá àjà rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ gbọ́, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀mí ọdẹ ilé bàbá yín ló ń tẹ̀ lé ọmọ yẹn. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà lé e lórí o." Mo ṣe àmín tó le ju bó ṣe yẹ lọ. Kí n má purọ́, ó wù mí kó jẹ́ ẹ̀mí. Ẹ̀mí ṣeé lé lọ. Ìwé tó wà nínú báàgì mi ni kò ṣeé lé lọ.

Ọdẹ ni bàbá mi. Kì í ṣe ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà. Ọdẹ inú igbó ni, pẹ̀lú ìbọn ìbílẹ̀ ẹlẹ́nu kan tí wọ́n ń da ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu, tí wọ́n á fi ọ̀pá irin ki í wọlé. Àparò ló mọ̀ ọ́n pa jù, ẹyẹ tó sanra, tí kì í fò àfi tí èèyàn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìbátan àparò ni Fasan, ìrù tirẹ̀ ló kàn gùn, akọ rẹ̀ sì máa ń múra ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi ni àkọ́bí bàbá mi, ó sì wù mí kó mú mi lọ sígbó, àmọ́ n kò lè sọ. Nílé wa, ọmọ tó bá ń fẹ́ nǹkan kì í béèrè, ṣe ló máa ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Kí bàbá tó jí, omi ti wà nínú ìkòkò, àgbàlá ti mọ́, bàtà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í sì í pariwo iṣẹ́ náà. Ọmọ á ṣe é, á lọ jókòó, àgbà á rí i fúnra rẹ̀, á sì gbàdúrà fún un. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, inú mi sì máa ń dùn sí àdúrà yẹn ju oúnjẹ lọ.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo jí ṣáájú gbogbo ilé. Mo pọnmi, mo gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo ìbọn tó fara ti ògiri. Kò sí bí bàbá mi ṣe ń ṣe é tí n kò mọ̀. Mo da ẹ̀tù sí i bó ṣe máa ń dà á, mo ki í, mo da ọta sí i, mo tún ki í, mo dá a padà sí àyè rẹ̀. Mo wá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí kó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, dìde ká lọ."

Bàbá mi jí. Ó rí omi, ó gbàdúrà fún mi. Ó rí àgbàlá, ó tún gbàdúrà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé wá kí i, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, ó sì fa ìbọn náà mọ́ra, ó da ẹ̀tù tirẹ̀ lé tèmi, ó ń ki í bó ṣe máa ń ki í ní gbogbo òwúrọ̀. Mo rí i. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àmọ́ wọn kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, mo sì pa ẹnu dé. Mo ní tí wọ́n bá parí, n ó sọ. Mo tún ní bóyá ẹ̀tù tó pọ̀ á kàn jẹ́ kó dún kíkan sí i ni. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó lọ.

Ìbọn náà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí oòrùn tó gókè. Ìka mẹ́ta ló bá a lọ ní ọwọ́ òsì.

Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ló tún ìdí ìbọn náà ṣe ní oṣù tó ṣáájú, gbogbo èèyàn sì gbà pé irin rẹ̀ ni kò dára. Ó gbé iṣu wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun dán irin náà wò dáadáa, òun kò mọ ohun tó ṣe é. Bàbá mi kò gba iṣu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò kí i mọ́. Nílùú wa, ẹni tó bá ń kọjá níwájú àgbẹ̀dẹ á ní "Àrọyè o!" fún alágbẹ̀dẹ, bí wọ́n ṣe máa ń ní "Àrèpa o!" fún ọdẹ. Ẹni tí wọ́n bá fi ìkíni iṣẹ́ rẹ̀ dù, wọ́n ti bú u láìla ẹnu. Èmi máa ń tẹ̀ lé bàbá mi kọjá níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ á dá òòlù dúró láti wò wá bóyá òní ni a máa kí òun, èmi á sì máa wolẹ̀. Ojú ń tì mí títí di òní tí mò ń kọ ọ́.

Ọmọ mi kò mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé nínú fọ́tò bàbá àgbà tó wà ní pálọ̀ wa ní Tempelhof, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú agbádá.

Kó má bàa jọ pé mo burú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ fojú ara mi rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́, àwọn àgbà máa ń ṣọdẹ lórí ilẹ̀ kan náà. Àwọn ọmọ kì í gbé ìbọn lọ́jọ́ náà. Ọ̀pá ni wọ́n ń mú lọ́wọ́, wọ́n á tò ní ìlà, wọ́n á máa rìn nínú koríko kí ẹyẹ lè fò sókè. Treiber ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe é. Òbí náà lè bá wọn rìn. Ọmọ mi wá láti Berlin lọ́jọ́ Ẹtì, ó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi, èmi sùn sílẹ̀, tàbí kí n ní mo dùbúlẹ̀.

Wọ́n ní ká wọ aṣọ tó tàn yòò, mo bá wọ ẹ̀wù olómi ọsàn tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù, orúkọ ilé iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mi ní, "Mama, nein," pé kí n bọ́ ọ. Mo ní kó jẹ́ kí n gbádùn. Nígbà tí a débẹ̀, obìnrin tó ń bójú tó ilẹ̀ náà fún ìjọba kó gbogbo wa jọ, ó sì ka òfin. Gbogbo ìbọn, irú tí wọ́n ń ṣẹ́ po láàárín kí wọ́n tó ki ọta sí i, wà ní ṣíṣí, a ń rí inú wọn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó kọjá kòtò omi, kó ṣí ìbọn rẹ̀, kó yọ ọta. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá rí ìbọn tí kò ṣí níbi tó yẹ kó ṣí, kó pariwo, ì báà jẹ́ ọmọ kékeré. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Jámánì mi kò burú tó bẹ́ẹ̀.

Ó mú wa mọ ọdẹ àgbà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mi, ẹni tó máa dúró ti ọmọ mi. Bàbá arúgbó kan ni, ó ga, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé mo ti fọwọ́ sí i. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà.

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó rin, esùsú pọ̀ níbẹ̀, a sì ń rí irin gíga tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní èbúté lọ́ọ̀ọ́kán. Fasan àkọ́kọ́ bú sókè níwájú ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú ariwo, mo sì dojú bolẹ̀, mo fi ọwọ́ bo orí. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ikùn mú. Ó ní, "Mummy, ẹyẹ ni!" Mo dìde, mo ní mo mọ̀ pé ẹyẹ ni. Ìbọn dún lápá ọ̀tún, mo sì ka ìka ọwọ́ òsì mi nínú àpò láìmọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ó ti ń lọ sí ọ̀sán nígbà tí a dé ibi kòtò kan tí wọ́n fi pákó tẹ́ lórí. Bàbá arúgbó náà ló wà níwájú wa. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń mí gúlegúle. Ó gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì rẹ̀ lé apá, ìbọn náà wà ní pípadé, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí a wà, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó.

Ọmọ mi ní, "Halt!"

Ohùn rẹ̀ dún dé ìpẹ̀kun pápá. Gbogbo ìlà dúró. Ó tún ní, "Flinte auf, bitte!" Ó ń sọ fún un pé kó ṣí ìbọn.

Ó yẹ kí n wo ìbọn. Ọmọ mi ni mo yíjú sí. Mo fà á lápá, mo jágbe mọ́ ọn ní Yorùbá níṣojú gbogbo wọn: "Kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni wọ́n ni? Ṣé báyẹn la ṣe kọ́ ẹ pé kó o máa bá àgbà sọ̀rọ̀?" Kò tán síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú koríko tútù, orúnkún méjèèjì, níwájú ọkùnrin náà, mo sì ń bẹ̀bẹ̀, èdè méjèèjì ti dàrú mọ́ mi lẹ́nu: "Entschuldigung, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọmọdé ló ń ṣe é."

Ọkùnrin náà kò wò mí. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó yí ẹnu ìbọn kúrò lọ́dọ̀ wa, ó sì ṣí i. Ọta méjì ló yọ níbẹ̀, pupa, odindi. Ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n pẹ́. Ó ti gbàgbé pé òun kò tíì yọ wọ́n. Ó wá ṣí fìlà rẹ̀ fún ọmọ mi, ó dúpẹ́, ó ní, "Danke." Ìgbà yẹn ló rí mi nílẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà, ọmọ mi kọjú sí fèrèsé. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ mi lórúnkún. A ti kọjá ibùdókọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, èyí tí kì í sábà ṣe tí inú bá ń bí i.

"Mummy, ṣé ẹ fẹ́ kí n dákẹ́ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹrẹ̀ orúnkún mi. Ó dùn mí dé egungun, nítorí ọmọ náà ti ṣe ní ìṣẹ́jú kan ohun tí mo ti ń bẹ ara mi láti ṣe láti ọmọ ọdún méjìlá, èmi ni mo sì fà á lápá.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Láti ibi ìdáná dé fèrèsé yàrá mi, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni. Mo rìn ín títí ọmọ mi fi ní òun ń rí òyì. Mo fọ abọ́ tó mọ́. Mo tún bàtà tò. Ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ máa gbéra ní aago mẹ́rin. Nígbà tó di ọ̀sán, mo mú fóònù, mo pe bàbá mi, mo sì gbé e sórí tábìlì kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta. Mo mọ̀ pé tí n kò bá jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́, n ó yí i padà ní àárín ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ káàsán, sà."

"Kú ọ̀sán, ọmọ mi. Ṣé kò sí o? Ohùn ẹ ò dùn."

"Bàbá, ìbọn yẹn. Èyí tó ṣe yín lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ ki í láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ tó jí. Mo rí i nígbà tẹ́ ẹ tún ń ki í, mi ò sì sọ̀rọ̀."

Mo gbọ́ adìyẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń gún nǹkan nínú odó.

"O fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú mi lọ ni, sà."

"Kí ló wá dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Ó mí kanlẹ̀. Mo ń retí kó bínú. Ì bá sàn fún mi kó bínú. Ó ní, "Alágbẹ̀dẹ yẹn ti kú. Ó ti pé ọdún mẹ́fà. Wọ́n wá pè mí síbi òkú ẹ̀, mi ò lọ." Ó tún ní, "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń kọjá níwájú ọkùnrin yẹn tí mi ò kí i. Ta ni mo máa lọ bẹ̀ báyìí?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Ó ní òun fẹ́ dìde, ó sì pa fóònù.

Mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún tí wọ́n ń fi aṣọ nù jẹ́jẹ́. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí bí ẹni tí òun kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó ṣí báàgì mi, ó yọ ìwé náà jáde pẹ̀lú kálàmù, ó sì kó wọn síwájú mi.

Ó ní, "Ẹ sign-in ẹ̀, Mummy. Èmi ò ní dákẹ́. Ẹ mọ̀ mí, mo máa ń pariwo."

Mo fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí náà wọ́, kò jọ èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á dá a padà. Wọn kò dá a padà. Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin ti lọ nígbà tí a rántí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìrì dídì wà lórí koríko. Àwa òbí dúró sójú ọ̀nà, èmi ń lọ, mò ń bọ̀, títí bàbá ọmọ kan fi bi mí bóyá òtútù ló ń mú mi. Bàbá arúgbó náà ń rìn lápá òsì ọmọ mi, kò gbé ìbọn tirẹ̀ wá. Ajá dúró gbagidi níwájú esùsú. Akọ Fasan kan bú jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, pupa, ìrù gbọọrọ, ó ń lọgun, ó sì fò nílẹ̀ nílẹ̀ bọ̀ tààrà sí ibi tí a wà. Mo rí i tí ọmọ mi gbé ìbọn sí èjìká. Mo rí i tó gbé e sílẹ̀. Ẹyẹ náà kọjá lórí wa, ó ré odò kọjá.

Kò tún rí òmíràn ní òwúrọ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì tó kù pa ẹyọ kan, wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko, wọ́n fun ìwo fún un bí àṣà ọdẹ ibẹ̀, a sì kìlọ̀ fún ara wa pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ ré e kọjá. Ọmọ mi wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó na ìbọn náà sí mi ní ṣíṣí, ó ní, "Mummy, ẹ wò ó." Mo wo inú ẹnu méjèèjì. Koríko ni mo rí lódì kejì. Mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ibẹ̀ la wà tí bàbá mi fi pè. Láti ọjọ́ Àìkú yẹn, kò tíì pè mí. Kò kí mi pẹ́. Ó ní òun lọ sí àgbẹ̀dẹ, ọmọ ọkùnrin yẹn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. "Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní 'Àrọyè o!' Ọmọ náà gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní kí n wọlé jókòó. Mo ti ro gbogbo ẹ̀ fún un. Mo sọ fún un pé ìwọ náà ń bọ̀."

Mo ní, "Mò ń bọ̀, sà."

"Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó rí nǹkan pa?"

"Rárá, sà. Ẹyẹ náà fò bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò yìn ín."

Bàbá mi ní kí n gbé fóònù fún ọmọ náà. Mo gbé e fún un, ohùn bàbá mi sì jáde nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà lódì kejì oko: "Àrèpa o!"

Ọmọ mi bo fóònù, ó yíjú sí mi. "Mummy, kí ni mo máa sọ?"

Mo mọ èsì náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ki ìbọn yẹn, tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun ni mò ń sọ lábẹ́ èémí, mò ń fi í dánra wò, nítorí mo rò pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnì kan á ti fi ìkíni ọdẹ kí èmi náà. Mo sọ ọ́ sí ọmọ mi létí. Ó sọ ọ́ fún bàbá mi pẹ̀lú ohùn àwọn ọmọ Berlin, bàbá mi sì ní kó tún un sọ.